Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Bàbá Sàlá, Aago Ńlá Ọrùn Rẹ̀ àti Fíìmù Tó Bọ́ Mọ́ Ọn Lọ́wọ́

Nígbà tí a kéde pé àwọn òṣèré àtijọ́ ni ojú ewé ìbéèrè yóò dá lé lórí lóṣù yìí, a rò pé oríṣiríṣi orúkọ ni yóò wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ni ó gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà kan, ìyẹn Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Nítorí náà ni a ṣe fi gbogbo àyè tòní sílẹ̀ fún un. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ (akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí ẹni tó kọ́kọ́ fi àwàdà nìkan ṣe odindi iṣẹ́ nínú eré orí ìtàgé Yorùbá. Bàbá Sàlá ni èmi kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní Ògúndé ni. Ta ni ó jàre nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ìwọ ni o jàre, ọmọ wa, ṣùgbọ́n má tíì fi ọ̀rẹ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Hubert Ògúndé ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tí ó ń fi eré jẹun sílẹ̀ ní ọdún 1945, ọ̀nà tí ó sì là ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí gbà kọjá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti yọ, nípa bẹ́ẹ̀ orin ni ó gbé e ró, ẹ̀kọ́ ni ó sì sábà máa ń parí sí. Ẹ̀fẹ̀ kò ṣàì sí nínú rẹ̀, àmọ́ bí ẹni fi ata díẹ̀ ta ọbẹ̀ ni. Moses Ọláìyá ni ó gbé ẹ̀fẹ̀ jókòó sórí àga, tí ó ní kí orin àti ẹ̀kọ́ máa dúró tì í.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí ọdún 1936 ni a bí i. Orin ni ó kọ́kọ́ fi wọ agbo, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́. Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960 ni ó kọjú sí àwàdà gan-an, tí ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lórí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959. Eré kéékèèké ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní síkíìtì. Ìdílé kan náà ni, ojú kan náà ni, ọ̀ràn tuntun ni wọ́n kàn ń kó bá wọn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ni baálé: ahun ni, ojú ń kán an, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó òun. Gbogbo ọgbọ́n tí ó bá ta, orí ara rẹ̀ ni ó máa ń wó lé.

Kọ eléyìí kún àròkọ rẹ, nítorí kì í sábà wọ ìwé: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá ìgbà náà kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Ọ̀gá yóò pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, yóò sọ ìtàn náà fún wọn, yóò yan ipò fún oníkálukú, kálukú yóò sì lọ wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ní ìlú kan, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú kejì. Èyí tí kò bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n á sin ín sí. Nígbà tí eré kan yóò fi pé oṣù mẹ́ta lójú títì, àwọn òǹwòran ti bá wọn tún un kọ tán.

Ohun kejì tí ó yẹ kí o mọ̀ ni ibi tí owó ti ń wá. Owó tẹlifíṣọ̀n kò tó nǹkan. Agogo ìpolówó ni tẹlifíṣọ̀n jẹ́ fún wọn, gbọ̀ngàn ni ọjà. Àwọn tó ti ń rí ojú Bàbá Sàlá nínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò san owó tíkẹ́ẹ̀tì láti wá rí i ní tààràtà nígbà tí ọkọ̀ Aláwàdà bá wọ ìlú wọn. Àpótí lè mú kí ebi rẹ̀ máa pa ọ́, ṣùgbọ́n àfi kí o lọ bá a níbi tí ó wà kí o tó yó. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé ohun tí ó bà á jẹ́ lẹ́yìn ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ (ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, London): Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá ju “wá jẹun” àti “jókòó jẹ́ẹ́” lọ. Síbẹ̀, ọkọ mi fi eré Bàbá Sàlá àtijọ́ kan hàn wọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kú. Kí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọn kò gbọ́ èdè?

ÌDÁHÙN: Aṣọ ni, Màmá, àti ara. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi rí nígbà tí mo kéré, ní gbọ̀ngàn ìlú wa. Láti ọ̀sán ni ọkọ̀ wọn ti ń yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí àwa ọmọdé ń sá tẹ̀ lé e nínú eruku. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn. Wọ́n fi orin àti ijó ṣí eré gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo ẹgbẹ́ ìgbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé. Kò sọ nǹkan kan. Táì olórí labalábá tí ó dè mọ́ ọrùn fẹ̀ ju èjìká ọmọdé lọ. Ó wọ awò tí kò ní dígí nínú, férémù lásán tí ìka lè gbà kọjá lọ nu ojú. Dípò aago ọwọ́, odindi aago ńlá, irú èyí tí èèyàn ń fi kọ́ ara ògiri, ni ó so rọ̀ mọ́ ara. Ó rọra gbé aago náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó bí ẹni tí ó ní ìpàdé pàtàkì pẹ̀lú gómìnà, ó sì rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn wó lulẹ̀. Kò tíì la ẹnu rárá.

Àwọn ọmọ yín rí ohun tí èmi rí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tí ó gbé aago kiri ń fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ní aago. Ẹni tí ó wọ awò tí kò ní dígí ń fẹ́ kí a pe òun ní ọ̀mọ̀wé. Lásìkò náà, olówó tuntun, akọ̀wé tuntun àti ọ̀làjú tuntun pọ̀ ní ìgboro wa, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn: olúkúlùkù mọ ẹnì kan ní àdúgbò rẹ̀ tí aago náà ń bá wí. Ọmọdé kò nílò láti mọ ìyẹn. Aago tí ó tóbi ju ọrùn lọ ti tó fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa dá eré náà dúró láti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Àwàdà tí a bá túmọ̀ ti di ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó tán, ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé kí ni ó sọ níbí, kí ni ó sọ lọ́hùn-ún, èdè yóò sì gba ibẹ̀ wọlé.

ÌBÉÈRÈ (awakọ̀ kan, Òṣogbo): Àwọn kan ń sọ ní gáréèjì wa pé King Sunny Adé ti bá Bàbá Sàlá ṣiṣẹ́ rí. Mo ní irọ́ ni. A ti ta oúnjẹ ọ̀sán lé e lórí o.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ ra oúnjẹ fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni. Kí ó tó di aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀, Moses Ọláìyá ní ẹgbẹ́ olórin hailáìfù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Sunday Adéníyì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá di King Sunny Adé, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní àárín àwọn ọdún 1960, ibẹ̀ ni ó sì ti kúrò lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967. Ọ̀gá lọ sídìí àwàdà, ọmọ iṣẹ́ lọ sídìí jùjú, kálukú sì di ọba ní ìdí tirẹ̀. Ojú mi ni mo fi ń wò ó pé ìlù kò kúrò lára Bàbá Sàlá lẹ́yìn tí ó fi orin sílẹ̀ pàápàá: ẹ wo bí ó ṣe máa ń dákẹ́ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tí yóò pani lẹ́rìn-ín, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ti ka ìlù rí ni ó lè mọ ìwọ̀n ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ (òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta): Ṣé Bàbá Sàlá náà ni ó ni ẹgbẹ́ Awada Kerikeri?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òjó Ládiípọ̀, tí a mọ̀ sí Bàbá Mèrò, ni ó dá Awada Kerikeri sílẹ̀, Adébáyọ̀ Sàlámì, ìyẹn Ọ̀gá Bello, ni ó sì gba àkóso rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Aláwàdà ni ti Bàbá Sàlá. Orúkọ méjèèjì ló sún mọ́ra, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

ÌBÉÈRÈ (ìyá àgbà kan, Ìbàdàn): Ọ̀rọ̀ tèmi jẹ́ bí ìjẹ́wọ́. Nígbà tí fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, ọkọ mi yá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sílé lọ́dọ̀ ẹnì kan, gbogbo àdúgbò sì kún pálọ̀ wa láti wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ó sọ bàbá náà di onígbèsè. Ṣé àwa náà wà lára àwọn tó jẹ ẹ́ run?

ÌDÁHÙN: Màmá, a dúpẹ́ pé ẹ béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ìbéèrè yìí kàn tí wọn kò jẹ́ béèrè. Ẹ wà lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àfọ̀ṣẹ ni, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni.

Ọdún 1982 ni Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ni olùdarí rẹ̀, ẹni tí ó ti bá òṣèré nì, Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love, ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Bàbá Sàlá ni ó gbé owó kalẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe Lámídì, òtòṣì tí oníjìbìtì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ayé sú, tí ó wá fẹ́ kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n dá padà láti ọ̀run nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Láyé ìgbà náà, kò sí fíìmù olówó pọ́ọ́kú. Téèpù sẹ́lúlọ́ìdì gidi ni wọ́n ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, òkè òkun náà ni wọ́n sì ń gbé e padà lọ fọ̀, kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde pẹ̀lú owó ilẹ̀ òkèèrè. Owó yíyá ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi ṣe é.

Báwo ni ó ṣe fẹ́ rí owó náà padà? Bí ó ti ń rí owó gbọ̀ngàn gan-an ni. Ìwọ̀nba ẹ̀dà fíìmù díẹ̀ ni yóò wà, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán jáde, wọ́n á gba sinimá tàbí gbọ̀ngàn ní ìlú kan, wọ́n á gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì kọjá sí ìlú tó kàn. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò náà dúró lé: pé kò sí ibòmíràn tí èèyàn ti lè rí fíìmù náà. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún un láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ Aláwàdà. Kò sí ẹni tó lè di gbọ̀ngàn Aláwàdà sápò lọ sílé.

Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo ti gbé ẹ̀rọ fídíò wọ pálọ̀ àwọn èèyàn. Àwọn olè àdàkọ rí ọwọ́ tó ẹ̀dà Ọ̀run Móoru kan, wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì kan sì bí mẹ́wàá. Nígbà tí ọkọ̀ Bàbá Sàlá yóò fi dé ìlú kan, àwọn tó yẹ kí wọ́n to sẹ́nu ọ̀nà ti wò ó tán ní ilé aládùúgbò. Ó ń polówó ohun tí wọ́n ti jẹ tán. Gbèsè dúró sí ọrùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a rù ú. Ẹ wo irú ọ̀ràn: eré nípa ọkùnrin tí oníjìbìtì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni oníjìbìtì gbà lọ́wọ́ ọkùnrin tí ó ṣe é.

Ṣé òfin kò sí ni? Ó wà. Òfin ọdún 1970 ti ka àdàkọ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ kò bani lẹ́rù, kò sì sí àjọ kankan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa lé àwọn olè wọ̀nyí kiri. Òfin tuntun dé ní ọdún 1988, ó fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn tó lágbára sí i, ó sì bí àjọ tí ó di Nigerian Copyright Commission. Òkìkí Ọ̀run Móoru wà lára ohun tí àwọn òṣèré fi ń pariwo ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí òfin yóò fi lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí kásẹ́ẹ̀tì pálọ̀ yín.

Kò jókòó sọkún ṣá. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní ọdún 1983, lẹ́yìn náà ni ó gbé fíìmù mìíràn jáde tí Adé Love darí, ó sì sọ ọ́ ní Mo Ṣe Bọ́lá Tán. Ẹ ka àkọlé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó rí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí eré fídíò gba ìgboro ní àwọn ọdún 1990, ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ohun èlò kan náà tí wọ́n fi jà á lólè. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON (Member of the Order of the Niger) dá a lọ́lá. Ìjẹ̀ṣà ni ó padà sí, Iléṣà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, ní ẹni ọdún 82. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, gba inú iṣẹ́ náà, ẹ mọ̀ ọ́n sí Boisala.

Ní ti ẹrù tó ń pa yín, Màmá, ẹni tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ, tó sì ń tà á, ni ó jẹ oúnjẹ bàbá náà. Èérún ni ó bọ́ sí pálọ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ (ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe síkíìtì, Ìkòròdú): Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la ń fi fóònù ṣe àwàdà. Ẹnì kan mú síkíìtì wa, ó gé orúkọ wa kúrò ní ìsàlẹ̀, ó gbé e sójú ìwé tirẹ̀, èèyàn tó wò ó lọ́dọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tó wò ó lọ́dọ̀ wa lọ. Bàbá mi ní ohun tó ṣe Bàbá Sàlá ni ó ń ṣe wá yìí. Ṣé òótọ́ ni, àbí bàbá mi kàn ń sọ ọ́ láti dáwọ́ wa dúró ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá yín jàre níbì kan, kò jàre níbì kan. Olè kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ní ohun mẹ́ta tí Bàbá Sàlá kò ní.

Àkọ́kọ́, ìwọ kò yáwó kó lọ fọ téèpù ní òkè òkun. Bí síkíìtì kan bá sọnù, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ó sọnù, kì í ṣe ilé. Èkejì, àwọn tó ń gba àwòrán wọlé bíi YouTube àti Facebook ní ibi tí oníṣẹ́ ti lè fi ẹ̀sùn sùn kí wọ́n yọ àdàkọ kúrò. Ẹ̀kẹta ni òfin ọdún 2022 tí Nàìjíríà fi rọ́pò ti àtijọ́. Ó ní apá kan tó dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní pàtó: o lè kọ ìwé sí àwọn tó gbé iṣẹ́ rẹ síta pé kí wọ́n mú un kúrò, ó sì di dandan fún wọn láti ṣe nǹkan kan sí i. Kò pọn dandan kí o ti forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbi kankan kí ó tó di tìrẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ ni o rò ó, tí o sì ti ká a sílẹ̀, tìrẹ ni. Àmọ́ wàá nílò ẹ̀rí. Nítorí náà, má ṣe pa fáìlì àkọ́kọ́ tó wà nínú fóònù rẹ rẹ́, èyí tí ọjọ́ àti àkókò wà lára rẹ̀, tí ẹ kò tíì gé, níbi tí ẹ ti ń ṣàṣìṣe tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín ara yín. Olè kì í ní ibi tí òṣèré ti ṣàṣìṣe.

Kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí owó tó dé, pé ta ni ó ni kí ni nínú iṣẹ́ yín.

Ní ti orúkọ tí ó gé kúrò ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rò pé Bàbá Sàlá fi gbọ́n jù yín lọ. Kò kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ eré rẹ̀. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì olè tí ó rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ẹni tó wò ó mọ ẹni tó ni ín láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, nítorí aago wà lára ọkùnrin náà. Wọ́n rí owó rẹ̀ jí, wọn kò rí orúkọ rẹ̀ jí. Ẹ wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gé kúrò lára àwòrán yín láìba àwàdà náà jẹ́, kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó má jẹ́ aago.